Immanuel Kant: Ọ̀mọ̀ràn Tí Kò Kánjú

Bí ó pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn Immanuel Kant, àgbà ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Jámánì, rí. Ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1724 ni a bí i ní ìlú Königsberg, tí ó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà lónìí, tí à ń pè ní Kaliningrad. Iṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀ ń ṣe, ìjánu ẹṣin ni ó ń rán. Owó kò sí nílé.

Kant wọ yunifásítì ìlú náà ní 1740. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1746, ó di olùkọ́ ọmọ nílé àwọn olówó. Ní 1755 ó padà sí yunifásítì, ó di olùkọ́ tí kò ní owó oṣù: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san ni yóò jẹ. Ọdún 15 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ní 1764 wọ́n fi ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ewì lọ̀ ọ́. Ó kọ̀, kì í ṣe oko tirẹ̀. Erlangen àti Jena náà pè é, kò lọ. Ní 1770, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ipò tí ó ń wá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n orí.

Ó dépò tán, kò pariwo. Ọdún 11 kọjá kí ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1781, lórí ibi tí làákàyè ènìyàn lè dé àti ibi tí kò lè dé. Ní 1790 ó kọ òmíràn lórí ẹwà. Ó ní bí a bá pe nǹkan ní arẹwà, kì í ṣe nítorí èrè tí a ó rí níbẹ̀. Síbẹ̀ à ń retí pé kí gbogbo ènìyàn bá wa gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó lábùkù. Nínú ìwé kékeré kan tí ó tẹ̀ ní 1764, ó tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn dúdú, bẹ́ẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí. Kí òun tó di olùkọ́ rárá ni Anton Wilhelm Amo, ọmọ ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, ti ń kọ́ àwọn ọmọ Jámánì ní ìmọ̀ yìí kan náà ní Halle àti Jena. Ẹni tí ó wọn làákàyè gbogbo ayé kò rántí wọn tirẹ̀.

Kant kú ní Königsberg ní ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 1804. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́ sùúrù lára rẹ̀. Ìdájọ́ tí ó ṣe láìwádìí, kí a fi í sílẹ̀ fún un.