Abu Talib àti Ìbẹ̀rù Ẹnu Ayé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Lónìí, a fẹ́ rántí Abu Talib, ọmọ Abdul-Muttalib, ẹni tí òun àti bàbá Ànábì jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Ọmọ ọdún 8 ni Ànábì nígbà tí bàbá-bàbá rẹ̀ kú, tí ìtọ́jú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Abu Talib. Abu Talib kò lówó lọ́wọ́, ọmọ sì pọ̀ nílé rẹ̀, síbẹ̀ ó gba ọmọ òrukàn náà bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ Ọlọ́hun dé, tí àwọn Kuraeṣi ní kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún àwọn, ó kọ̀. Wọ́n wá yọ ìran Hashim lẹ́gbẹ́: wọn kò bá wọn ná ọjà, wọn kò sì bá wọn fẹ́ra. Nǹkan bí ọdún 3 ni Abu Talib fi bá wọn jẹ ìyà náà nínú àfonífojì rẹ̀, títí ebi fi mú wọn jẹ ewé igi.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ojo. Ó kojú gbogbo Mẹ́kà nítorí ọmọ arákùnrin rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọkàn òun fúnra rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 3 ṣáájú Hijira, àìsàn ikú dá a dùbúlẹ̀. Ànábì wọlé tọ̀ ọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́rìí pé kò sí ọlọ́hun mìíràn àyàfi Allāhu, kí òun lè fi ṣìpẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Abu Jahl àti Abdullah ọmọ Abu Umayyah ti jókòó tì í. Wọ́n bi í bóyá yóò kọ ẹ̀sìn Abdul-Muttalib sílẹ̀. Bí Ànábì ti ń bẹ̀ ẹ́ ni àwọn náà ń tẹnu mọ́ tiwọn. Ó bẹ̀rù pé àwọn Kuraeṣi yóò sọ pé ojora ikú ni ó mú òun juwọ́ sílẹ̀. Orí ẹ̀sìn àwọn bàbá rẹ̀ ni ó kú sí. Ànábì tọrọ àforíjìn fún un títí Ọlọ́hun fi kọ̀ ọ́ fún un, tí Ó sì fi yé e nínú Suratul-Qasas, āyah 56, pé ìfinimọ̀nà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn ẹni náà tó.

Àwọn méjì tí ó ń wo ojú wọn ńkọ́? Abu Jahl kú sójú ogun Badr, nínú àìgbàgbọ́. Abdullah ní tirẹ̀ gba Ìsìláámù nígbà tí ó yá, ó sì kú sí ogun Tọ́ìfù ní ẹ̀yìn Ànábì. Gbólóhùn tí kò jẹ́ kí Abu Talib sọ, òun sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ni ó ń yá owó èlé ṣe ìnáwó òkú, kí ẹbí má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Mélòó ni ó mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, tí ó sì bá ẹgbẹ́ ṣe é? Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní bá wa wọ sàréè. Wọ́n sì lè ronú pìwà dà lọ́la, kí wọ́n fi wá sílẹ̀ níbi tí wọ́n tì wá sí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tí yóò bẹ̀rù Rẹ̀ ju ẹnu ayé lọ. Āmīn.