Ìtàn Ọlábísí Àjàlá, Ẹni tí Ó Gun Kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles

Bí ènìyàn kan kò bá lè gbé ilé rẹ̀ jẹ́ẹ́, tí a rí i lónìí ní Dùgbẹ̀, tí a sì gbúròó rẹ̀ lọ́la ní Èkó tàbí ní Kánò, kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi máa pè é ní Àjàlá. Àwọn ọlọ́jà ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ ń pe èrò wọn bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá sì mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé ta ni Àjàlá í ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé inú orin ni àwọn ti gbọ́ ọ, nítorí pé Olóyè Ebenezer Obey dárúkọ rẹ̀ nínú orin, orin náà sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Àjàlá, kì í ṣe ẹni inú àlọ́. Ìlú Ìbàdàn yìí sì wà lára ibi tí ó ti kọ́ ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀, àti ibi tí ó dùn àti ibi tí ó korò.

Moshood Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí ni a bí i sí. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú un padà wá sí ilé nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó kọ́ ìwé ní Baptist Academy ní Èkó, ó sì tún kọ́ ọ ní Ibadan Boys' High School, ilé-ẹ̀kọ́ tí Olóyè T. L. Oyèṣínà dá sílẹ̀ ní ọdún 1938, tí ó wà ní Òkè-Bọ́lá, níbi tí kò jìnnà sí Ring Road. Láti ìhín ni ìrònú rẹ̀ ti ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ète rẹ̀ sì ni láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ní àkókò náà, kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Òun ni àwọn tí ń ra kòkó ń gùn lọ sí oko, òun ni àwọn katikíìsì fi ń ti abúlé kan dé òmíràn, òun kan náà ni àwọn kíláàkì ń gùn lọ sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a gun kẹ̀kẹ́ láti Mọ̀kọ́lá dé Dùgbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a fi í rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí ọkọ̀ tí yóò máa gbé ẹrù tẹ̀lé ni. Ẹni tí ó bá dáwọ́ lé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni arìnrìn-àjò, òun náà ni alárùú, òun náà sì ni ẹni tí yóò tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí táyà bá jò ní ojú ọ̀nà tí kò sí ilé, òun ni yóò tú u, tí yóò lẹ túùbù rẹ̀, tí yóò sì fún un ní afẹ́fẹ́. Omi tí yóò mu, oúnjẹ tí yóò jẹ, aṣọ tí yóò fi bora ní òru, orí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Bí ó bá di ẹrù púpọ̀ jù, òkè yóò pa á lára. Bí ó bá sì di díẹ̀ jù, àìní yóò bá a ní ọ̀nà.

Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Thomas Stevens gun kẹ̀kẹ́ alágbá gíga kúrò ní San Francisco ní ọdún 1884, ó sì dé Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáàn ní ọdún 1886. Kazimierz Nowak, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, gbéra ní Tripoli ní ọdún 1931, ó la Áfíríkà kọjá dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní gúúsù, ó sì padà dé Algiers ní ọdún 1936. Kẹ̀kẹ́ ni ó gùn jù, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú, ó sì gun ẹṣin àti ràkúnmí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kú. Òyìnbó tí ó wá wo ilẹ̀ wa ni Nowak. Ti Àjàlá yàtọ̀: ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó sì gun kẹ̀kẹ́ kí àwọn Òyìnbó lè wo òun.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 1952, ó gbéra ní Chicago, ó dojú kọ Los Angeles tí ó wà ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Máìlì 2,280 ni ìrìn náà. Kí ó lè yé wa dáradára, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀nà tiwa wọ̀n ọ́n: bí ènìyàn bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí ó padà, tí ó tún lọ, títí yóò fi tó ìgbà mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n, nígbà náà ni yóò tó sún mọ́ ohun tí Àjàlá ṣe. Nǹkan bí oṣù kan ni ó sì fi ṣe é. Èyí ni pé ìrìn ọjọ́ kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Ìbàdàn dé Èkó. Bí ilẹ̀ bá sì tún mọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ooru ni ní ilẹ̀ wọn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni ó kọ́kọ́ wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn èyí àwọn òkè ńlá, lẹ́yìn òkè ni aṣálẹ̀ tí kò sí igi tí a lè yà sí abẹ́ rẹ̀.

Kò wọ ṣòkòtò péńpé bí àwọn ẹlẹ́ṣin irin. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó wọ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn Amẹ́ríkà ìgbà náà rò pé ìhòòhò ni àwọn ènìyàn Áfíríkà ń rìn, pé inú igbó ni a sì ń gbé pẹ̀lú ẹranko. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ọmọ ènìyàn ni wá, pé a ní aṣọ, a ní èdè, a sì ní ìwà. Ní àwọn ìlú tí ó bá dé, ó ń dúró bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wa. Kí a sì rántí irú ọdún tí ọdún náà jẹ́. Ní 1952, ọ̀pọ̀ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kò gba ènìyàn dúdú, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ti ń tẹ ìwé kan jáde láti ọdún 1936 tí ń tọ́ àwọn ènìyàn dúdú sí ilé tí wọn yóò ti rí ibùsùn. Ọdún 1964 ni òfin tó kà á léèwọ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀ láti lé wọn. Nítorí náà kì í ṣe òkè àti oòrùn nìkan ni ó wà ní ọ̀nà Àjàlá. Ó ru ẹrù ara rẹ̀, ó sì ru orúkọ gbogbo wa lé e.

Ó dé Los Angeles, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Wọ́n fún un ní ipa kan nínú sinimá White Witch Doctor, tí ó jáde ní ọdún 1953. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkè kò dá dúró, ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lè yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1953 náà ni wọ́n mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn ìwé sọ̀wédowó ayédèrú kàn án. Òun sọ pé ẹlòmíràn ni ó tan òun jẹ. Àwọn aláṣẹ sọ pé kò tẹ̀lé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí náà kí ó kúrò ní ilẹ̀ àwọn. Àjàlá gun òpó rédíò kan tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 80, ó sì ń halẹ̀ pé òun yóò bẹ́ sílẹ̀ bí wọn kò bá yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọn kò yí i padà, wọ́n sì lé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kò kọ èyí láti fi í ṣẹ̀sín. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹni tí ó bá wọ aṣọ ìlú rẹ̀ láàárín àjèjì, nígbà tí ó bá ṣubú, aṣọ náà ni yóò kọ́kọ́ kan ẹrẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun.

Síbẹ̀, ìṣubú náà kò di ìparí rẹ̀. Ní ọdún 1957, ó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù Vespa. Ọdún mẹ́fà ni ìròyìn sọ pé ó fi rìn, tí ó sì dé orílẹ̀-èdè 87. Ìwé tí ó kọ nípa àwọn ìrìn àjò rẹ̀, An African Abroad, jáde ní ọdún 1963. Ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù: ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ fún máìlì 2,280, kí ni ìrìn alùpùpù yóò jẹ́ lójú rẹ̀?

Nígbà tí ó darúgbó, Èkó ni ó ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ tí ó ti gun òkè Amẹ́ríkà kò sì lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Nínú àìní ni ó wà, ó sì kú ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, ọdún 1999. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnìkan. Ní ọjọ́ tí ó kú, àìmọye ènìyàn ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àwàdà. Bí olúkúlùkù wọn bá ti mú kọ́bọ̀ díẹ̀ wá, kì bá tí sí oògùn tí apá rẹ̀ kò ká.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí agbára Àjàlá pé, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ẹrù. Òun nìkan ni ó gbé tirẹ̀, ó sì gbé tiwa mọ́ ọn. Nígbà tí agbára rẹ̀ pin, ó yẹ kí a gbé e, a kò sì gbé e. A kò lè ṣe é fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní Bódìjà, ní Àgbówó, ní Challenge, arúgbó kan wà tí ó ti ṣe ohun kan fún orúkọ wa rí, tí ó sì jókòó nínú yàrá rẹ̀ láìsí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè dáhùn.

Ó dìgbà kan ná.