Louis Pasteur àti àgùntàn Màmá Iléṣà

Orúkọ Louis Pasteur kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ṣe Báyọ́lọ́jì nílé ìwé yìí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé mílíìkì kaná kó má tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mílíìkì kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni.

Nígbà ọlidé tó kọjá, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ìsọ̀kún, ní Iléṣà. Màmá Iléṣà là ń pè wọ́n. Àgùntàn márùn-ún ni wọ́n ń sìn, wọ́n sì fẹ́ ta àgbò méjì nígbà Iléyá kí wọ́n lè fi san owó ilé ìwé àbúrò mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta kú. Imú wọn ń ṣomi, ojú wọn ń ṣepin, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Màmá ní ìyá tó wà nílé kejì ló fi nǹkan sínú èèpo iṣu tí wọ́n jẹ. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ikú àgùntàn lọ, torí láti kékeré ni ìyá yẹn ti máa ń fún mi ní àkàrà.

Nígbà tí mo padà sí Òṣogbo, mo wá ìwé kà nípa àrùn àgùntàn. Pasteur ni mo bá pàdé níbẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1822 ní ìlú Dole, ní ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ awọ ẹran ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó wà ní kékeré, òun kọ́ ló ń gba ipò kìíní ní kíláàsì. Àwòrán ló mọ̀ ọ́n yà. Nígbà tó dàgbà, Kẹ́mísìrì ló kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ dókítà. Ọmọ márùn-ún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, mẹ́ta kú, táífọ́ọ̀dù ló sì pa méjì nínú wọn. Ní 1868, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, apá òsì rẹ̀ ò sì ṣe dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, àrùn anthrax ń pa àgùntàn bí ẹní ń pa eṣinṣin ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn pápá kan wà tó jẹ́ pé ọdọọdún ni àgùntàn ń kú níbẹ̀. Pápá ègún làwọn àgbẹ̀ ń pè wọ́n. Ní 1876, Robert Koch ará Jámánì fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fa àrùn náà. Pasteur wá lọ sí àwọn pápá yẹn fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ibi tí wọ́n sin òkú àgùntàn sí ni kòkòrò náà ń gbé, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ekòló á jẹ erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, á yà á sókè, kòkòrò á bá a jáde, àgùntàn mìíràn á jẹko níbẹ̀, ó parí. Kò sí ègún kankan.

Ní 1879, ó ṣàkíyèsí pé kòkòrò àrùn adìyẹ kan tó ti pẹ́ nínú ìgò kì í pa adìyẹ mọ́, ṣe ló ń dáàbò bò wọ́n. Ó ní òun máa ṣe irú rẹ̀ fún àgùntàn. Àwọn kan ò gbà á gbọ́. Ni wọ́n bá ní kó wá ṣe é lójú gbogbo ayé, ní oko dókítà ẹran kan, Hippolyte Rossignol, ní Pouilly-le-Fort.

Àgùntàn 48 àti ewúrẹ́ méjì ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, 25 sí apá kan, 25 sí èkejì. Wọ́n tún fi màlúù díẹ̀ kún un. Apá kìíní gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1881, wọ́n tún gba òmíràn ní ọjọ́ 17. Apá kejì ò gba nǹkan kan. Ní ọjọ́ 31, wọ́n fún gbogbo wọn ní kòkòrò anthrax tó lágbára gan-an. Pasteur ti sọ ṣáájú pé àgùntàn tí kò gba abẹ́rẹ́ máa kú, èyí tó gbà á máa yè. Kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, èrò pé jọ. Òkú àgùntàn 21 àti ewúrẹ́ kan ti wà nílẹ̀. Àgùntàn méjì kú lójú wọn, èyí tó ṣẹ́ kù kú kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ń jẹun tiwọn. Ọ̀kan péré ló kú nínú wọn lẹ́yìn náà, abo tó lóyún ni. Àánú àwọn 25 yẹn ṣe mí, ṣùgbọ́n láìsí wọn, ta ló máa mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́ àbí oríire lásán ni? Òun là ń pè ní control nígbà práktíkà.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí kò dáa náà. Pasteur jẹ́ kí aráyé rò pé afẹ́fẹ́ oxygen lòun fi sọ kòkòrò náà di aláìlágbára. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Charles Chamberland, ṣe ló lò, ìyẹn potassium dichromate tó wà ní làbù Kẹ́mísìrì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n yẹ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, tí àṣírí tú. Èèyàn ńlá ni, àmọ́ èèyàn náà ni.

Ní 1885, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, lọ́wọ́ ikú. Pasteur kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1895.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní 2023, wọ́n rí anthrax nínú ẹran ní ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn tí ìjọba ti ní ká ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́. Bí ẹran bá kú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má kùn ún, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran.

Ti Màmá kì í ṣe anthrax. Bàbá mi ròyìn rẹ̀ fún dókítà ẹran kan, ó ní ó jọ kátà, tí ìwé ń pè ní PPR. Ó béèrè bóyá ẹran tuntun wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni! Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Màmá ra ewúrẹ́ kan lọ́jà, ó ń wúkọ́. Ó ní àrùn náà ń ràn láti ara ẹran kan sí èkejì, pé ó yẹ kí wọ́n ti ya ewúrẹ́ náà sọ́tọ̀. Ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọgbọ́n Pasteur náà ni: wọ́n sọ kòkòrò tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975 di aláìlágbára, Nigeria 75/1 ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó.

Mo padà sí Iléṣà ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ ìtàn pápá ègún fún Màmá, mo fi ti ewúrẹ́ ọjà kún un. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọn ò sọ pé àwọn ṣìṣe. Wọ́n kàn bi mí pé èló ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún ìyá ilé kejì. Ìyá náà gbà á, wọ́n ní kí n bá àwọn kí Màmá.