Ìtàn Ìgbésí Ayé Sà William Osler, Oníṣègùn

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn olùkàwé wa, pàápàá àwọn olùkọ́, ni yóò ti rí ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan wà tí imú bàbá, ti ọmọ àti ti ọmọ-ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀ bákan náà, tí wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rò pé ó dára láti sọ ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 1849, ni a bí William Osler ní Bond Head, ní ilẹ̀ Kánádà. Àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni Featherstone Osler, bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀ ní ọdún 1837 láti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. William pàápàá pinnu láti di àlùfáà, ó sì wọ Trinity College ní Toronto ní ọdún 1867. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, Àlùfáà William Johnson, ti kọ́ ọ bí a ti ń fi awò wo àwọn ohun kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Oníṣègùn kan tí à ń pè ní James Bovell sì fún ẹ̀kọ́ yìí lókun. Kò pẹ́ tí ó fi yí padà sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì gba oyè rẹ̀ ní McGill, ní Montreal, ní ọdún 1872. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, Berlin àti Vienna, kí ó tó padà wá di olùkọ́ ní McGill. Ní ọdún 1884 ó lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, tí a ṣí ní ọdún 1889.

Níbẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú yàrá ẹ̀kọ́ nìkan. Ó ń mú wọn lọ sí ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì fetí sí ìtàn rẹ̀. Ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìṣègùn ní ọdún 1892 sì di ìwé tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ púpọ̀ ń kà.

Ní ọdún 1901 ni ó tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde nípa àwọn aláìsàn tí imú wọn ti ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, tí àìsàn náà sì ń rìn nínú ìdílé. Ó ṣe àkíyèsí àwọn àmì pupa kéékèèké lára wọn, àti lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo inú imú àti ẹnu. Rendu, oníṣègùn ará Faransé, ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní ọdún 1896. Weber ní Lọ́ńdọ̀nù tún kọ tirẹ̀ ní ọdún 1907. Nítorí náà ni a ṣe ń fi orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe àrùn náà títí di òní.

Ṣáájú àkókò yẹn, ó rọrùn láti ka àrùn yìí mọ́ hemofílíà, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ti hemofílíà, àwọn ọkùnrin ni ó sábà máa ń bá jà. Èyí kò yan ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń dì bí ó ti yẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, tí ìfọwọ́kàn díẹ̀ fi lè fà á ya. Bí a bá tẹ àmì pupa náà, yóò funfun. Bí a bá ṣí ọwọ́, yóò tún pọ́n. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Ẹni tí ó ní i lè fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ti ní i tàbí kì yóò ní i, ìdajì sí ìdajì ni.

Láti ọdún 2000, àmì mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn ń wá: imú tí ń ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ léraléra, àmì pupa ní ètè, ahọ́n, imú tàbí ìka, irú iṣan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun, àti òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá tí ó ní i. Bí mẹ́ta bá pé, ó dájú. A kò tíì rí oògùn tí ń fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wà. A máa ń jẹ́ kí inú imú tutù, a ń lo oògùn irin fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, a sì lè fi iná lésà pa àwọn iṣan imú. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ni kí a má fojú kékeré wò, nítorí ó lè fa àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí kí ọpọlọ gba ọyún. Àwọn oníṣègùn sì mọ bí a ti ń dí i.

Ní ọdún 1905 ni a pe Osler sí Oxford láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, a sì fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1911. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ dé bá a. Revere, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un, kú lójú ogun ní Belgium ní oṣù Kẹjọ ọdún 1917. Bàbá náà kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 1919, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó fi àwọn ìwé rẹ̀, tí ó tó nǹkan bí 8,000, sílẹ̀ fún McGill.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí imú ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ mú un jókòó, kí ó tẹ orí síwájú, kí ẹ sì fún ibi rírọ̀ imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ń ṣe é léraléra, ẹ wo ètè àti ahọ́n rẹ̀, ẹ bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá ó wà nínú ìdílé, kí ẹ sì rán wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Bẹ́ẹ̀ ni Osler ti ṣe: ó wò, ó sì béèrè.