CHARLES DARWIN ÀTI ÀWỌN ERÉKÙṢÙ IYÙN

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ Charles Darwin nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí bí ohun ẹlẹ́mìí ti ń yí padà láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, èyí tí ó ṣe lórí àwọn erékùṣù òkun ilẹ̀ olóoru, ni a ó sọ lónìí.

A bí i ní Shrewsbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1809. Ní òpin 1831 ó bá ọkọ̀ Beagle lọ, èyí tí ìjọba rán, lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ FitzRoy, láti ya àwòrán etí òkun.

Àwọn atukọ̀ a máa bẹ̀rù òkìtì iyùn, nítorí ọkọ̀ púpọ̀ ti fọ́ mọ́ ọn lára. Iyùn yìí bá irú èyí tí àwọn ọba wa ń lò tan. Ẹ̀dá kéékèèké ni ó ń kọ́ ọ bí ilé òkúta. Mẹ́ta ni Darwin pín òkìtì náà sí: èyí tí ó lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀, èyí tí ọ̀sà wà láàárín òun àti ilẹ̀, àti èyí tí ó rí bí òrùka, tí omi nìkan wà láàárín rẹ̀.

Ohun kan rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Ibi tí oòrùn ń tàn dé nìkan ni iyùn wọ̀nyí ti ń kọ́lé. Síbẹ̀, nítòsí erékùṣù Keeling ní 1836, okùn FitzRoy tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7,200 kò kan ìsàlẹ̀ òkun. Orí kí ni iyùn náà dúró lé? Darwin ti rí bí etí òkun Chile ti ga sókè nígbà tí ilẹ̀ mì ní 1835. Ó rò ó pé bí ilẹ̀ kan bá lè gòkè, òmíràn lè rì. Bí erékùṣù ti ń rì díẹ̀díẹ̀ ni iyùn ń kọ́lé lọ sókè. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, géńdé àti arúgbó ti jẹ́ ènìyàn kan náà.

Ní 1842 ó tẹ ìwé jáde pẹ̀lú máàpù. Ó fi pupa kun irú kìíní, aró fífúyẹ́ kun ìkejì, aró dúdú kun ìkẹta. Ó sì fi àmì sí ibi tí àwọn òkè oníná wà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà á gbọ́. Ní 1881 ó kọ̀wé sí Alexander Agassiz pé ó wu òun kí olówó kan lu ihò sínú erékùṣù bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yanjú. Ní oṣù Épírì 1882 ó kú.

Ní 1952, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà lu ihò ní Eniwetok ní Òkun Pàsífíìkì. Lẹ́yìn òkúta iyùn tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 4,000 lọ, irin wọn kan òkúta òkè oníná. Darwin jàre. Iṣẹ́ tí a fi sùúrù ṣe kì í bá olúwarẹ̀ wọ ibojì.