Huygens, ẹni tó tú àṣírí ìkọlù

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ físíìsì tí àwọn ọmọ wa ń gbé bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe. Christiaan Huygens lorúkọ rẹ̀. Ìlú Hague, nílẹ̀ Netherlands, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1629. Bàbá rẹ̀ lẹ́nu láàfin, ó sì ní kó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, àmọ́ ìṣirò ló gbé ọmọ náà lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wárí fún nígbà náà. Descartes ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kékeré kò lè mi ohun ńlá tó dúró jẹ́ẹ́, bó ti wù kó sáré tó. Ní 1652, Huygens rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn! Ta ni yóò dìde sọ pé ọ̀rẹ́ bàbá òun ṣìnà?

Descartes kò ka ìhà tí nǹkan kọjú sí. Ká ní ọkọ̀ kan tó wọn 1,000 kìlógíráàmù ń ti Nyanya bọ̀ nígboro, tó ń rin mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: momentum rẹ̀ jẹ́ 20,000. Òmíràn tó wọn bákan náà gba òdì ọ̀nà pàdé rẹ̀ pẹ̀lú mítà 15: 15,000 nìyẹn. Bí a bá kàn ro wọ́n pọ̀, 35,000 la ó pè é. Ní ti Huygens, yíyọ la ó yọ ọ́, torí wọ́n dojú kọ ara wọn. 5,000 ló kù, ìkọlù kì í sì í yí i padà. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, apá ìgboro ni wọn yóò jọ sún sí, ní mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ilẹ̀ tó fà wọ́n dúró.

Ó ti kọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ní 1656, ọdún tó ṣe aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbà tí ẹgbẹ́ Royal Society ní London béèrè lọ́wọ́ òun, Wallis àti Wren ní 1668 ló tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé ẹgbẹ́ náà jáde ní 1669, ti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà níbẹ̀. Inú bí Huygens, ó sì tẹ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kan ní Paris, níbi tó ń gbé, kí ẹgbẹ́ náà tó wá tẹ̀ ẹ́. Lójú tiwa, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló fi iṣẹ́ pamọ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Àìsàn lé e padà sílé ní 1681. Kò gbéyàwó. Ó kú ní Hague lọ́jọ́ 8, oṣù keje, 1695, odindi ìwé tó kọ lórí ìkọlù kò sì jáde títí di 1703.