Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa sọ nígbà mìíràn pé olórí pípé ni ọmọ ìlú kan, pé olódo sì ni ọmọ ìlú mìíràn. Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Phillips wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n sì ti Sàró padà wálé. Ìjàyè ni ó ti ṣiṣẹ́ ìhìnrere, ìlú tí Ìbàdàn pa run ní ọdún 1862. Láti ìgbà èwe ni ọmọ náà ti mọ ohun tí ìjà láàrín ọmọ ìyá ń fà.

Ní ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ CMS rán Phillips lọ sí Oǹdó gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọdún náà gan-an ni ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti dojú kọ ara wọn ní Kírìjì. Ní ọdún 1886, ìjọba Èkó rán òun àti Samuel Johnson lọ parí ìjà. Johnson tọ Ìbàdàn lọ, Phillips tọ Èkìtì Parapọ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Oǹdó kò rọrùn. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ìwé kò ní sí lóko láti ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Èdè ìwé pàápàá jẹ́ ìṣòro. Ohùn Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni Crowther fi kọ Bíbélì Yorùbá. Ìró gh ń bẹ lẹ́nu ará Oǹdó, ṣùgbọ́n kò sí nínú ábídí. Ọmọ Oǹdó ní láti kọ́ Yorùbá kejì kí ó tó lè mọ ìwé Yorùbá kà. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1893 ni a fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Isaac Oluwole. Ó kú ní ọdún 1906, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ó ti kọ́kọ́ dé Oǹdó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wàyí. Èkó ti ní ilé ẹ̀kọ́ girama láti ọdún 1859. Ọdún 1919 ni Kánọ́ọ̀nù M. C. Adeyemi tó dá Ondo Boys' High School sílẹ̀, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ti Èkó. Ní Àkúrẹ́, ọdún 1951 ni Aquinas College bẹ̀rẹ̀, Oyemekun sì tẹ̀ lé e ní 1953. Ẹni tí ó bá tètè dé odò ni í pọn omi tí ó tòrò. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, Oǹdó àti Àkúrẹ́ náà bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó dá wọn dúró tẹ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni kò tètè dé.